Ẹ Pè Wá Kí Ẹ Tó Tẹ Fọ́ọ̀mù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìwádìí Ìlera ní Ilẹ̀ Òkun

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí mo ti padà sílé ní Ìjùmú, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn olùwádìí ìlera kì í yé kan ilẹ̀kùn wa. Àwọn kan ń wá láti yunifásítì, àwọn kan láti ilé ìwòsàn ńlá, àwọn mìíràn sì wà tí a kò mọ ẹni tó rán wọn. Nísinsìnyí, bí ará ìlú ni mo ṣe ń bá wọn jókòó, mi ò jókòó bíi nọ́ọ̀sì mọ́. Mo sì máa ń rọ àwọn ará ìlú pé kí àwọn náà wá bá olùwádìí gbìmọ̀ ìwádìí kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹnu àwọn èèyàn ni mo ti gbọ́ wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jà, nínú mọ́tò Kábà, àti lẹ́nu àwọn olùwádìí fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ ní ká wá bá wọn ṣe ìwádìí. Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n ń wá?

Ẹ jẹ́ ká fi ètò ìsìnkú wò ó, torí kò sí ọmọ Òkun tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àgbà kan bá lọ, àwọn kan wà tí wọ́n á kàn wá jẹun, wọ́n á jó, wọ́n á sì máa lọ. Àwọn kan wà tí a máa ń ránṣẹ́ sí pé ọjọ́ báyìí ni, aṣọ báyìí ni. Àwọn kan sì wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá ọjọ́, tí wọ́n ń pín ìnáwó, tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ yẹn o, àwọn àna wa ní Búnú ń ṣe tiwọn."

Bí ìwádìí náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n wọn BP rẹ̀, òun ni ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n pè sí gbọ̀ngàn ìlú láti wá gbọ́ ohun tí wọ́n rí, wọ́n fi tó o létí ni. Ẹni tó wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí, bí wọ́n ṣe máa béèrè rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa kà sí pé ara ti yá, ipò tirẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ lè wà ní ipò yẹn kí abẹ́rẹ́ má kan ìka yín rárá.

Kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ní 1983, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní àrùn éèdì dìde, wọ́n ní ibikíbi tí wọ́n bá ti ń pinnu ọ̀rọ̀ àwọn, àwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní 1996, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n padà pè ní INVOLVE. Tiwa ló pẹ́.

Èmi tí mi ò kàwé, kí ni mo fẹ́ sọ níwájú dókítà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìyàrá. Àwọn olùwádìí kan fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi pọ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ìwé ìbéèrè wọn wá kí àwa mẹ́jọ kan gbọ́ ọ. Ìbéèrè kan nínú rẹ̀ ni: "Ṣíbí iyọ̀ mélòó lẹ ń jẹ lójúmọ́?"

Ìyá kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fi ṣíbí wọn iyọ̀?" Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ jáde, ìkòkò onídìí dúdú tí etí rẹ̀ kan ti ká wọnú. Ó gbé e ka iwájú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ̀wé. "Wò ó, ọmọ mi. Ìka mẹ́ta ni mo fi ń bu iyọ̀. Mági mẹ́rin ni mo fi sí i. Àwa mẹ́fà la ń jẹ ẹ́, ọjọ́ méjì ló ń bá wa dé. Bàbá yín tún máa ń bu iyọ̀ lé tirẹ̀ tó bá jókòó tán. Èwo lo fẹ́ kọ síbẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà ò kọ nǹkan kan. Ó ń wo ìkòkò. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tún ìbéèrè yẹn ṣe: mági mélòó ló wọ ìkòkò, èèyàn mélòó ló ń jẹ ẹ́, ọjọ́ mélòó ló ń lò, ta ló tún ń fi iyọ̀ sí i lórí tábìlì. Ìdáhùn tó ṣeé ṣírò nìyẹn. Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ì bá jẹ́ àròsọ, torí pé bí ẹ bá béèrè ṣíbí lọ́wọ́ ìyá kan, á dá yín lóhùn pé "méjì", kí ẹ lè máa lọ.

Kò parí síbẹ̀. Wọ́n tún ní, "Ǹjẹ́ ẹ lo oògùn yín lánàá?" Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá kan náà ló tún sọ̀rọ̀: "Ta ló máa sọ fún dókítà pé òun ò lò ó? Ẹ ní kí wọ́n gbé páálí rẹ̀ jáde, kí ẹ ka èyí tó kù."

Èmi tí mo wọ aṣọ funfun fún ọgbọ̀n ọdún, mo ti ka ìwé ìbéèrè yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, mi ò rí nǹkan kan tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò kàwé.

Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí wọ́n pè wá?

Kí wọ́n tó tẹ fọ́ọ̀mù. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ lójú ewé yìí, òun nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Olùwádìí á kọ́kọ́ mú kókó kan. Á kọ ìwé àbá, á fi tọrọ owó. Bí owó bá jáde, á gbé ìwé náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí kí wọ́n lè fún un láṣẹ. Lẹ́yìn àṣẹ ni fọ́ọ̀mù ń di títẹ̀, tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ tó máa gbé e kiri. Láti ìgbà tí àṣẹ bá ti jáde, bí wọ́n bá fẹ́ yí ìbéèrè tàbí ìlànà padà, wọ́n ní láti padà lọ bá ìgbìmọ̀ kan náà kí wọ́n tó lè ṣe é. Ta ló máa fẹ́ padà? Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti dé, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "Ẹ ṣeun, a máa wò ó sí i."

Mo ti jìyà rẹ̀ rí, ọwọ́ ara mi sì ni mo fi fà á. Àwọn kan pè mí sí ìpàdé kan. Ìrẹsì wà, omi inú ọ̀rá wà, wọ́n sì gbé ìwé kan wá pé kí n buwọ́ lù ú bí aṣojú ìlú. Mo buwọ́ lù ú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin àdúgbò mi wá bá mi nílé: ìwádìí náà ní kí wọ́n máa wá sí ilé ìwòsàn láago mẹ́wàá àárọ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ ọjà! Mo wo ìwé náà, orúkọ mi ló wà níbẹ̀ pé "a ti bá ará ìlú sọ̀rọ̀". Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló kù nínú iṣẹ́ yìí tó ṣì ṣeé yí padà? Bí wọ́n bá ní kò sí, mo máa ń jẹ ìrẹsì wọn, mi ò ní buwọ́ lu nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ńkọ́? Ṣé wọn ò ní fi àwọn ọmọ wa dán oògùn wò?

Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ti òpè. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára nǹkan bí 200 ọmọ: wọ́n fún nǹkan bí ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ náà kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ lẹ́nu wọn, pé àrùn náà ló pa àwọn ọmọ. Ẹjọ́ yìí fà títí di 2009, kí Pfizer tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kano, láì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ní 2003, nígbà tí Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sọ pé Trovan wà lára ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Ohun tí àwọn òbí ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé wọn ò bá àwọn jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa, ní 2015 wọ́n fẹ́ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára Ebola wò ní Hohoe ní ilẹ̀ Gánà. Ariwo sọ káàkiri, ẹnu àwọn aṣòfin dé bẹ̀, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà dúró. Abẹ́rẹ́ yẹn ò tíì kan ẹnikẹ́ni.

Ní tiwa, òfin wà báyìí. Nàìjíríà ní ìwé ìlànà fún ìwádìí ìlera láti 2007, tí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NHREC gbé jáde. Òfin Ìlera ti 2014 sì sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí láì gba ìfọwọ́sí rẹ̀ nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun tó lè ṣe sí ìlera rẹ̀ fún un. Bí àjèjì bá wọ ìlú yín pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè ìgbìmọ̀ tó fún un láṣẹ, kí ẹ sì ní kó fi ìwé náà hàn yín. Ẹni tó ní i kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ẹ sì lè jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù yín. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ìtọ́jú dù yín.

Bí ọba bá ti gbà, ṣé kò tó?

Kò tó. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè wọlé sílẹ̀ wa láì kí onílé: Ọbaro wà ní Kábà, Àgbáná wà ní Ìsánlú, Olújùmú wà ní Ìyàrá, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Olùwádìí tó bá fo ààfin ń wá ìjà. Ṣùgbọ́n ọba ń ṣílẹ̀kùn ìlú fún un ni, kò lè na apá yín fún abẹ́rẹ́.

Ibi tó ti ń dojú rú ni tí ọba bá sọ ọ́ ní gbangba pé "Ìlú mi ti gbà." Ta ló máa dìde pé òun ò gbà? Torí náà, a máa ń rọ àwọn olùwádìí pé, tí wọ́n bá ti kí ọba tán, kí wọ́n lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀, kí ẹmẹ̀wà ààfin má tẹ̀lé wọn. Ti ọkọ àti aya náà nìyẹn. Mo ti rí ọkọ tó dáhùn gbogbo ìbéèrè nípa nǹkan oṣù ìyàwó rẹ̀.

Èdè wo ni wọ́n máa fi bá wa sọ̀rọ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn ti túmọ̀ fọ́ọ̀mù sí Yorùbá. Yorùbá wo? Ìwé tí wọ́n kọ ní Ìbàdàn, ọmọ ilé ìwé wa máa kà á, kò ní í ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ní Yàgbà, ní Owé tàbí ní Búnú ń gbọ́ ọ bí èdè rédíò ni. Á mi orí, á ní òun gbọ́. Ní oko wa kan náà, ẹ máa rí Ebira, ẹ máa rí Fúlàní nínú gáà, àwọn wọ̀nyí sì ń gba ilé ìwòsàn kan náà pẹ̀lú wa.

Àṣà àwọn olùwádìí ni pé kí ẹnì kan túmọ̀ ìwé, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ padà, kí wọ́n wá fi méjèèjì wéra. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé méjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ kà á fún ìyá yẹn, kí ẹ wá ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́.

A ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó jáde yà wá lẹ́nu. Wọ́n kọ "ìdánwò oògùn" síbẹ̀. Bàbá kan ní òun ò lè kópa o, òun ò lọ ilé ìwé rí, kí ni òun fẹ́ kọ nínú ìdánwò? Níbòmíràn, wọ́n fẹ́ ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ló máa pín èèyàn sí ọ̀wọ́ méjì, kì í ṣe dókítà ló máa yàn. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lo "tẹ́tẹ́". Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì dìde. Tẹ́tẹ́ kẹ̀! A jókòó, a rò ó títí, ìyá aláàjọ kan ló yanjú ẹ̀: "Ṣé bí a ṣe ń ká ìwé sínú fìlà ni, tí oníkálukú ń mú, kí a lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kó àjọ?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó tún bi wá ní ìbéèrè lórí rẹ̀ mọ́.

Ta ló yẹ kí wọ́n yàn láti jókòó?

Kì í ṣe èmi nìkan. Nínú gbogbo ìlú, ojú kan náà lẹ máa ń rí: ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, pásítọ̀, olóyè kan, àti nọ́ọ̀sì bíi tèmi. A máa ń tètè dé, a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Torí bẹ́ẹ̀ ni a ò fi tó.

Bí ìwádìí bá jẹ́ lórí fòníkú-fọ̀ladìde, ìyá tó ti jí lóru pẹ̀lú ọmọ tó ń ké "egungun mi" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí àtọ̀sí ajá, ẹ lọ bá àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì tó ń ti ọwọ́ bọ omi ìsédò Kampe ní Èjìbà. Àwọn ló mọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń sọdá, kí ẹ tó máa fi máàpù wá ìgbín inú omi tó ń gbé àrùn náà kiri. Ẹ pe ọlọ́kadà. Ẹ pe ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ lọ, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, kajú la wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá pe ìpàdé nígbà yẹn, àwọn tí kò ní oko ló máa wá. Ó pẹ́ jù, kí ìpàdé tú ká láago méjì ọ̀sán. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun láàárín abúlé kan sí èkejì nítorí ọ̀rọ̀ ìwádìí. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa ṣe é lórí fóònù. Lábúlé tèmi, orí àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé ni a ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ǹjẹ́ ó ti yí nǹkan kan padà rí, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Ó ti yí i padà, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àpẹẹrẹ méjì péré ni mo máa mú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ń ṣe ìwádìí lórí àrùn oríkèé, tí wọ́n ń wọn ìrora, tí wọ́n ń ka oríkèé tó wú. Ní 2002, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní OMERACT pe àwọn aláìsàn fúnra wọn sí ìpàdé wọn. Àwọn aláìsàn ní ohun tó ń bá àwọn fínra gan-an kò sí nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n: àárẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ o, àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Kò sí lórí fọ́ọ̀mù àwọn dókítà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọn àárẹ̀ nínú ìwádìí àrùn yìí. Ẹ̀yin tí làkúrègbé ń bá jà, ẹ sọ fún mi, ṣé ó yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Èkejì jẹ́ tiwa. Ẹ rántí àrùn tó ń fa ìfọ́jú létí odò, tó ń mú kí ara máa yún títí awọ ara á fi dà bí ti aláǹgbá. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Merck ní àwọn máa fún ayé ní oògùn rẹ̀, ivermectin, lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn wà, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa dé oko? Ẹ̀ka ìwádìí àjọ ìlera àgbáyé tí wọ́n ń pè ní TDR wá fi ọ̀nà méjì wéra láwọn ilẹ̀ Áfíríkà kan, Nàìjíríà wà nínú wọn: èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ṣètò rẹ̀ tán, àti èyí tí ìlú fúnra rẹ̀ ti pinnu ẹni tó máa pín in, oṣù tó máa pín in, àti ibi tó ti máa pín in. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1996, ọ̀nà ti ará ìlú kò rẹ̀yìn rárá, ó sì dára ju èkejì lọ láwọn ibì kan. Ètò tó ń gbógun ti àrùn náà ní Áfíríkà, APOC, gbé ọ̀nà yẹn lọ káàkiri títí tó fi parí iṣẹ́ ní 2015. Ẹ̀yin àgbà máa rántí ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń wọn èèyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tó kàn án. Ọmọ ìlú yín ló di ọ̀pá yẹn mú, kì í ṣe dókítà. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbo wa ńkọ́? Bí mo bá sọ ohun tí ìyá mi fi ń wo ìyá rẹ̀, ṣé wọn ò ní jí i?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ lórí ìrìn, ẹ ní kí wọ́n kọ àdéhùn kalẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Niprisan. Oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD tó wà ní Idu ní Àbújá, ṣe jáde ni. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ohun tó wà nínú ilé ìdáná wa àti lóko wa. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà kò mọ nǹkan kan nípa ìwádìí ìlera, ẹ fi ewé ọkà bàbà hàn án.

Owó ńkọ́?

Ó yẹ kí wọ́n san owó ọkọ̀ yín, kí wọ́n fún yín lóúnjẹ, kí wọ́n sì san owó àkókò tí ẹ fi ṣe iṣẹ́, torí iṣẹ́ ni. Olùwádìí ń gba owó oṣù níbi ìpàdé tí ẹ̀yin ti pa oko tì wá.

Owó tí mi ò fẹ́ ni èyí tó bá pọ̀ débi pé ẹ ò ní lè sọ pé rárá. Ẹ sì béèrè rẹ̀ kí ẹ tó lọ, ní gbangba. Mo ti rí ibi tí owó ọkọ̀ ará ìlú ti dúró lọ́wọ́ ẹnì kan tó jẹ́ alága wọn.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ta ẹ̀jẹ̀ wa sí òkè òkun?

Ìgò kékeré kan tí wọ́n sábà máa ń fà jẹ́ 5 ml, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Kò lè mú yín rù. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ibi tó ń lọ, iye ọdún tí wọ́n máa fi pa á mọ́, àti bóyá wọ́n máa tún lò ó fún nǹkan mìíràn. Bó bá ń jáde kúrò ní Nàìjíríà, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà fún un.

(Láti ọ̀dọ̀ olùwádìí kan.) Màmá, owó wa kéré, àkókò ò sì sí. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe gbogbo èyí?

Ọmọ mi, o ní owó fún ẹ̀wù tó ní orúkọ iṣẹ́ yín lẹ́yìn.

Mi ò bú ọ o. Ṣùgbọ́n kọ owó ọkọ̀ ará ìlú sínú ìwé àbá rẹ látìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà di ohun tí wàá máa fi owó ara rẹ wá. Má pe ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan; pe mẹ́jọ, kí o sì máa pe àwọn mẹ́jọ kan náà títí iṣẹ́ á fi parí, torí ìpàdé kejì ni ẹnu máa ń là. Fi projector sílé. Gbé ìbéèrè wá, má gbé fọ́ọ̀mù wá. Jókòó sórí irú àga tí wọ́n jókòó lé. Bí ìyá kan bá ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí o ń sọ̀rọ̀, má rò pé kò gbọ́.

Bí ọ̀gá rẹ bá ní kò sí ìdí fún un, sọ fún un pé ìlànà tí CIOMS, àjọ àgbáyé kan tó ń kọ ìlànà ìwádìí ìlera, gbé jáde ní 2016 ní kí wọ́n bá ará ìlú ṣe láti ìgbà tí wọ́n bá ń gbìmọ̀ iṣẹ́. Ìkéde Helsinki náà, ìwé ìlànà ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé tún ṣe ní 2024, ti fi í sínú tirẹ̀.

Bí wọ́n bá parí, wọn kì í padà wá. Kí la lè ṣe?

Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyí. A ti dáhùn ìbéèrè, a ti na apá, a ti fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ohun tó wà nínú yàrá wa, ọkọ̀ wọn á sì gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a ò ní rí láé.

Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa padà sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì sọ ọ́ níwájú ọba. Kí wọ́n mú bébà kan ṣoṣo wá ní Yorùbá tó ń sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọn ò rí. Èyí tí wọn ò rí náà ṣe pàtàkì. Bí iṣẹ́ náà ò bá já sí nǹkan kan, kí wọ́n wá sọ bẹ́ẹ̀. Àwa náà máa ń gbin iṣu tí kì í ta.

Ìyá tó gbé ìkòkò jáde yẹn, ṣé wọ́n gbọ́ tirẹ̀?

Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù tuntun dé, mo gbé e lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀gúsí ti tán, gbọ̀rọ̀ ló ń já. Mo ka ìbéèrè ìkòkò fún un: mági mélòó, èèyàn mélòó, ọjọ́ mélòó. Ó ń mi orí. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Ó já ewé méjì sí i, ó sì wò mí. "Irú ńkọ́?" Mo ní, irú wo? Ó ní, "Irú tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ṣé o ò mọ̀ pé iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa á mọ́ ni, nọ́ọ̀sì?"